Ère wo ló lè dúró fún ọlọ́pàá Kamina?

Eré kan wà tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wa kan tó ń gbé lókè òkun náà sì ti ń bá wọn ṣe. Eré ogun orí tábìlì ni. Wọn a fi iyanrìn, páálí àti ewéko gbígbẹ ṣe òkè, odò àti igbó sórí tábìlì ńlá kan. Wọn a to ère ọmọ ogun kéékèèké sí i ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Wọn a fi rúlà wọn ibi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lè rìn dé, wọn a sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ìbọn bani tàbí kò bani. Ère tó wọ́pọ̀ jù kò ga tó ìka ọwọ́: mílímítà 28 ni. Òmíràn jẹ́ 15, òmíràn jẹ́ 6 péré. Òjé, tánńganran tàbí ike ni wọ́n fi ń dà á, ẹni tó rà á ni yóò sì fi ọ̀dà kùn ún fúnra rẹ̀.

Ogun tó jà nílẹ̀ wa ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 bá eré yìí mu gan-an. Ó kúrú, àwọn tó jà á kò pọ̀, ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé láti Lomé títí dé Kamina, ní ẹ̀bá Atakpamé níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí tábìlì yóò tètè kan ìṣòro: kò rọrùn láti rí ère ọlọ́pàá Togo rà. Ohun tó wà lọ́jà ni ère askari, ìyẹn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó jà fún Jámánì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Yóò rà á, yóò tò ó sí etí odò Chra, yóò sì ní ọlọ́pàá Togo nìyẹn. Irú ère bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní ère adípò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ibi tí ó ti tọ́ láti lò ó, àti ibi tí kò ti tọ́.

Ká kọ́kọ́ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti 1911 ni ilé iṣẹ́ Telefunken ti ń kọ́ ibùdó tẹlẹgíráàfù aláìlókùn sí Kamina, lábẹ́ Anton Codelli, ẹnjiníà ọmọ ìlú Ljubljana. Ibùdó náà lè bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà láìsí wáyà kankan lábẹ́ òkun, ó sì lè fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí Àtìláńtíìkì. Nítorí rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Gold Coast wọlé, tí àwọn Faransé sì gba Dahomey wọlé. Wọ́n jà ní Agbeluvhoe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, níbi tí Georg Pfähler, olórí àwọn ọlọ́pàá Togo, ti kú. Ní ọjọ́ 22 wọ́n jà ní Chra. Àwọn Jámánì ti gbẹ́ kòtò sí etí odò, wọ́n sì ti fọ́ afárá ojú irin. Ènìyàn 75 ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọn kò sì rí ibẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú 25, àwọn Jámánì fúnra wọn wó ibùdó Kamina palẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 26, von Doering túúbá. (Von Doering alára, adípò ni. Gómìnà gan-an, Adolf Friedrich ti Mecklenburg, wà ní Jámánì nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀.)

Ká padà sórí tábìlì. Fífi nǹkan dípò nǹkan nínú eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo wa la ti rí àwọn tó ń ta dáràfù lábẹ́ igi pẹ̀lú ìdérí ìgò, ti bíà ní apá kan, ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní apá kejì. Bí ọmọ ayò kan bá sọnù, òkúta wẹ́wẹ́ a bọ́ sí ipò rẹ̀, ayò a sì máa lọ. Eré ogun pàápàá, láìní ère ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí von Reisswitz, ọ̀gá ológun Prussia, gbé tirẹ̀ jáde ní 1824, búlọ́ọ̀kù kéékèèké pupa àti búlúù ló ń rìn lórí máàpù. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ère di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ eré náà nínú ìwé rẹ̀ Little Wars, tó jáde ní 1913, ọdún kan péré kí ìbọn tó dún ní Chra. Ọmọ ogun ìṣeré àwọn ọmọdé ni Wells ń lò, àwọ̀ aṣọ wọn kò sì ṣe ju kí ó fi apá ọ̀tún hàn yàtọ̀ sí apá òsì.

Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kò ní orílẹ̀-èdè, kò dé fìlà, kò sì ní ọmọ-ọmọ tó lè wá béèrè rẹ̀. Nígbà tí ère bá ti ní ojú, aṣọ àti ìbọn, ó ti ń sọ̀rọ̀, a fẹ́ a kọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dá mi lójú pé Yorùbá ní ìmọ̀ tó ju ti àwọn tó ń ta ère wọ̀nyí lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí Ifá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère, agbẹ́gilére kì í gbìyànjú láti gbẹ́ ojú ọmọ náà gan-an. Ère ìbejì kì í jọ ọmọ ọwọ́ rárá. Àgbàlagbà ló ń jọ, orí rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ ga, ara rẹ̀ ti gbó. Síbẹ̀, àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣì. Bí ọkùnrin ló kú, ère ọkùnrin ni wọn yóò gbẹ́. Bí ìdílé náà bá ń kọlà, ilà wọn ni yóò wà lójú ère, kì í ṣe ilà ìdílé mìíràn. Ìyẹn ni pé àwọn baba wa ti pín àmì sí méjì: èyí tí a lè gbójú fò, àti èyí tí ó ń sọ ọmọ ẹni tí ère náà jẹ́.

Ọ̀nà kejì tún wà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí bíi Marilyn Houlberg, tó ṣiṣẹ́ lórí ìbejì ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, rí i pé àwọn ìyá kan ti ń lo ọmọláńgidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà dípò ère onígi. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa Ewe ní Togo náà, irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń rí. Ọmọláńgidi ilé iṣẹ́ kò ní ilà kankan. Kò sí ohun tó fi jọ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé. Ohun tó sọ ọ́ di Táíwò ni ètùtù tí wọ́n ṣe, àti pé gbogbo ilé mọ̀. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í pè. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọláńgidi yẹn kúrò nínú ilé náà, kí ó bọ́ sí ojú ọjà tàbí sínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ti padà di ike nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ère adípò ṣe rí nínú eré ogun gan-an nìyí. Ẹni méjì tó jókòó sí tábìlì kan lè fohùn ṣọ̀kan pé askari wọ̀nyí, ọlọ́pàá Togo ni wọ́n lónìí. Àdéhùn yẹn tó, bí ó bá ti ṣáájú ìbọn àkọ́kọ́ tí kò sì yí padà láàárín eré. Èyí tí kò dára ni pé kí ère kan jẹ́ ọlọ́pàá láàárọ̀, kí ó di tirailleur lọ́sàn-án nítorí pé ẹni tó ni ín ti ń fìdí rẹmi! Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ya fọ́tò tábìlì náà, tí fọ́tò sì rìn jáde láìmú àdéhùn dání. Ọmọ ilé ìwé tó bá rí i yóò gbà pé bí àwọn bàbá ńlá òun ṣe rí nìyẹn. Fọ́tò àwọn ọlọ́pàá náà tí ọmọ Atakpamé rí rí kò tó nǹkan. Ó lè jẹ́ pé fọ́tò eré yìí ni yóò kọ́kọ́ rí.

Nítorí náà, àwọn àmì wo ló dà bí ilà ojú nínú ogun 1914, tí kò yẹ kí a ṣì?

Fìlà ló ṣáájú. Askari Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní fìlà kan tí aṣọ káàkí bò, tí ìbòrí ọrùn sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, àmì ẹyẹ idì sì wà níwájú. Ẹni tó mọ ìtàn díẹ̀ yóò rí i láti òdìkejì yàrá pé ọmọ ogun Lettow-Vorbeck nìyí. Irú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Togo rí. Jámánì ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Schutztruppe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní Kamẹrúùnù àti ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọn kò dá a sílẹ̀ ní Togo. Ọlọ́pàá ni wọ́n ní níbí, nǹkan bí 690, pẹ̀lú nǹkan bí 300 ọmọ Jámánì tó ń ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ogun rí, tí wọ́n sì pè pọ̀ nígbà tí ogun dé. Ọ̀bẹ mímú kékeré tó láti gé ìbòrí ọrùn kúrò, kí a sì fá ẹyẹ idì náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni lórí ère kan.

Ìbọn kò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé Mauser àtijọ́, irú ti 1871, tó ń yin ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Togo, àti pé ìjọba Faransé ṣe ìbọn kan ní 1907 fún àwọn tirailleurs nìkan. Ṣùgbọ́n lórí ère mílímítà 28, ta ni yóò fojú rí i? Àwọn kan wà tí wọ́n lè fi ìrọ̀lẹ́ odindi jiyàn lórí ẹnu ìbọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ká mi lára ju ìbọn lọ ni iye tí ìwé òfin eré kọ sí ère. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, a máa ń fún ọ̀wọ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní iye kan fún ìgboyà rẹ̀, iye kan fún ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìbọn. Ẹni tó bá mú ère askari tún máa ń mú iye askari pẹ̀lú rẹ̀, láìrò ó. Ẹ wò ó: àwọn ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà jà títí di oṣù kọkànlá ọdún 1918, wọ́n tilẹ̀ gbọ́ pé ogun ti parí kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn. Ti Togo kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ láti máa gba owó orí, láti máa mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ipá àti láti máa ṣọ́ ẹnubodè ni wọ́n kó lọ sínú kòtò lójijì. Bí a bá fún wọn ní iye askari, Kamina kò ní ṣubú lórí tábìlì, a kò sì ní lóye ìdí tí ó fi ṣubú lójú ayé. A lè yá ère lò; ká má yá iye rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn tó gbógun wọlé, ẹsẹ̀ ni kí a wò. Ère ọmọ ogun King's African Rifles, tí í ṣe ti Ìlà-Oòrùn, ni wọ́n sábà ń fi dípò Gold Coast Regiment, ọ̀pọ̀ sì ń ra èyí tó wọ bàtà nítorí pé ó rí bí ológun tòótọ́ lójú wọn. Láìwọ bàtà ni ọmọ ogun Gold Coast máa ń rìn nígbà náà. Ẹni tó bá fi ọ̀dà dúdú kun ẹsẹ̀ wọn bí bàtà ti gba ìrìn ẹsẹ̀ òfìfo láti Lomé títí dé ìtòsí Atakpamé mọ́ wọn lọ́wọ́. Alhaji Grunshi, tí ìtàn rántí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yin ìbọn àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun yẹn, ara wọn ló jẹ́, ilẹ̀ Togo ló sì ti yìn ín.

Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa: Grunshi. Ìhà àríwá Gold Coast ni orúkọ náà ti wá. Síbẹ̀, “àwọn Hausa” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń pe irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Àwọn Faransé ń pe tiwọn ní “tirailleurs sénégalais”, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Bambara, Mossi, tàbí ọmọ Dahomey. Ṣé ẹ rí i pé ìdípò ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà kí ère kankan tó dé tábìlì? Àwọn aláṣẹ ti fi orúkọ kan bo orúkọ mẹ́wàá. Ẹni tó ń to ère lónìí lè tú u díẹ̀, bí ó bá kọ orúkọ tó tọ́ sí ìdí ère rẹ̀.

Nígbà mìíràn ogun fúnra rẹ̀ dà wọ́n pọ̀ ju bí aṣeré ṣe lè rò lọ. George Masterman Thompson, ọ̀gágun ọ̀dọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní Chra ní ọjọ́ 22. Àwọn tirailleurs Faransé ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àárín òkú wọn sì ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ní ìtẹ́ òkú Wahala, lẹ́bàá odò yẹn, ni sàréè rẹ̀ wà títí di òní. Aṣeré tó mọ aṣọ ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtàn yóò fi ère ọ̀gá Faransé síwájú tirailleurs, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ó rí. Níhìn-ín, èyí tó dà bí àṣìṣe ló tọ́. (Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Wahala kò ní nílò ògbufọ̀.)

Mo ti fi ohun tó wúwo jù sẹ́yìn. Lórí gbogbo tábìlì ogun Áfíríkà tí mo ti rí fọ́tò rẹ̀, àwọn kan wà tí wọn kì í fi ohunkóhun dípò, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí pé wọ́n wà: àwọn aláàárù. Ẹgbẹ́ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó jọ sí Lomé ní ọmọ ogun nǹkan bí 560. Aláàárù wọn ju 2,000 lọ. Orí ni wọ́n fi ń ru ọta, oúnjẹ àti omi. Àgbá kékeré tí wọ́n ń lò nínú igbó pàápàá, wọn a tú u sí wẹ́wẹ́, wọn a gbé e ka orí. Bí a bá ní kí ère kan dúró fún ènìyàn 20, ère ọmọ ogun 28 ni tábìlì náà nílò, àti ère aláàárù tó ju 100 lọ. Kò sí aṣeré tó lówó ère 100 tí kò ní yin ìbọn kankan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí wọn, ọmọ ogun tó wà lórí tábìlì kò lè jẹun, ọta rẹ̀ kò sì lè dé Chra. Ẹni tó bá ń wá àwọn bàbá ńlá wa nínú ogun yìí, láàárín aláàárù àti àwọn tó la ojú irin ni kí ó ti kọ́kọ́ wá wọn, kí ó tó wò lábẹ́ fìlà ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ Dahomey náà ti ń jáde, pàápàá lẹ́yìn fíìmù The Woman King ti 2022. Ère àwọn obìnrin ológun Dahomey wà fún rírà, àwọn kan sì fẹ́ fi wọ́n ṣe ogun tí Dahomey gbé ti Atakpamé nígbà ayé Gezo, tó jọba láti 1818 sí 1858. Kí wọ́n wo ọwọ́ ère náà kí wọ́n tó rà á. Bí ìbọn ayára-yìn ni ó gbé dání, ogun Béhanzin pẹ̀lú Faransé ní àwọn ọdún 1890 ló ti wá, ó sì ti fi nǹkan bí ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ sí ti Atakpamé. Ní ti àwọn ará Atakpamé fúnra wọn, tí wọ́n sá gun orí òkè tí wọ́n sì ń jà láti ibẹ̀, ère Asante ni àwọn kan máa ń dá lábàá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù onígi tí a kọ “Ifẹ̀ Atakpamé” sí lára, bíi ti von Reisswitz, sàn ju kí a wọ aṣọ Kumasi fún wọn lọ.

Ohun tó sì sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ kò jìnnà sí wa. Ní Èkó, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ ère kéékèèké àwọn ajẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá, títí kan Ọbabìnrin Victoria. Kò ga, kò sì nílò ilé iṣẹ́ kankan. Igi fúnfun, yíǹkì dúdú àti pupa ló lò. Àwọn agbẹ́gilére wà ní Kpalimé, amọ̀ sì wà níbi gbogbo. Aláàárù ni kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló rọrùn jù láti mọ: ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ kan nílẹ̀, òṣùká lórí, ẹrù lórí òṣùká. Kò ní fìlà tí a lè ṣì, kò sì ní ìbọn. Kí a fi í sórí páálí, mẹ́rin mẹ́rin, sẹ́yìn ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Kí a sì fi bébà kékeré lẹ ohun tí ère kọ̀ọ̀kan dúró fún mọ́ etí tábìlì, ní ibi tí kámẹ́rà yóò ti mú un.